Ta Ní Ń Yẹ Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ Aṣàwárí Wò? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

Nínú ẹ̀dà wa tí ó kọjá, mo kọ̀wé ṣókí nípa CERN, ilé ìwádìí ìmọ̀ físíìsì tí ó wà lẹ́bàá ìlú Geneva, ní ibi tí ilẹ̀ Switzerland ti bá ilẹ̀ Faransé pààlà, mo sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo mẹ́nu ba sọ́fítíwíà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa ṣọ́ bóyá dátà tí àwọn ẹ̀rọ aṣàwárí ibẹ̀ ń kó jọ ṣe é gbára lé. Gbólóhùn kan yẹn ni ó fa lẹ́tà jù. Mo ti ṣa mẹ́fà nínú wọn, mo sì ti gé àwọn tí ó gùn kúrú. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́: dátà tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí à ń rà sórí fóònù, àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ rí ni.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹ̀rọ tí wọ́n ná owó tó pọ̀ tó báyẹn lé lórí, tí àwọn ọ̀mọ̀wé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì jọ kọ́, kí ló tún kù tí wọ́n ń ṣọ́ lára rẹ̀? Ṣé ó lè parọ́ ni? — Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan, Ọ̀yọ́

Olùkọ́ wa, ẹ kú ìsinmi. Ó lè parọ́, kò sì ní yí ohùn padà nígbà tí ó bá ń pa á.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà. CMS ni orúkọ rẹ̀. Ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní abúlé Cessy ní ilẹ̀ Faransé, ó gùn ní mítà 21, ó ga ní mítà 15, ó sì wúwo tó 14,000 tọ́ọ̀nù. Inú rẹ̀ ni àwọn prótọ́ọ̀nù, ẹ̀rún tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, tí ń sáré yí po nínú LHC, ọ̀nà róbótó abẹ́ ilẹ̀ tí ó gùn ní kìlómítà 27, ti ń forí gbárí. Bí wọ́n bá forí gbárí, àwọn ẹ̀rún tuntun a fò yọ sí gbogbo ìhà, ẹ̀rọ náà a sì máa tọ ipasẹ̀ wọn bí ọdẹ ti ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ṣùgbọ́n bí a ti ń pè é ní ẹ̀rọ kan yìí, àìmọye ẹ̀rọ kéékèèké ni. Ìpele kan ṣoṣo nínú rẹ̀, èyí tí ń wọn agbára ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù àti ti ìmọ́lẹ̀, ní kírísítà 75,848. Òjé àti tungsten wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Wọ́n mọ́ gaara bí dígí, síbẹ̀ wọ́n wúwo ju irin lọ. Kírísítà kọ̀ọ̀kan ní ojú tí ń ka ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ó ní wáyà tirẹ̀, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwọ̀n ooru kan tí kì í yẹ̀.

Ẹ rántí kóńgò àwọn oníṣòwò gààrí. Kóńgò tí ìdí rẹ̀ ti wọnú, tí ẹ sì mọ̀ pé ó wọnú, kò lè rẹ́ yín jẹ, nítorí ẹ ó ní kí ìyá tí ń tà á fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èyí tí ìdí rẹ̀ wọnú tí ẹ kò mọ̀ ni ó ń jẹ owó yín. Bákan náà ni kírísítà. Ọ̀kan lè yadi, kí ó má sọ nǹkan kan bí ẹ̀rún tilẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Òmíràn lè di aláròyé, kí ó máa pariwo nígbà tí ohunkóhun kò kọjá. Èyí tí ó ṣòro jù láti fura sí ni èyí tí ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ìtànṣán tí ń gba inú kírísítà máa ń mú kí ó ṣú, bí gíláàsì àtùpà tí èéfín ń bà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tan iná lésà sí gbogbo wọn léraléra bí iṣẹ́ ti ń lọ, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ó ti sọnù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi í kún ìṣirò. Ẹ̀kúnwọ́ tí a fi lé kóńgò nìyẹn.

Ohun tí ó mú kí ìṣọ́ náà di kánjúkánjú ni pé ìgbà 40 mílíọ̀nù ni ọ̀wọ́ àwọn prótọ́ọ̀nù ń pàdé ara wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí kọ̀ǹpútà tí ó lè tọ́jú gbogbo rẹ̀, nítorí náà àsẹ́ ìpele méjì ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ: èkíní dín in kù sí nǹkan bí 100,000, èkejì sì dín ìyẹn kù sí nǹkan bí 1,000 ní àsìkò iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láti 2015 sí 2018. Ìyókù ti lọ nìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ségesège fún wákàtí mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fura, kò sí ẹni tí yóò padà lọ ká wákàtí mẹ́ta náà.

Ẹ ǹlẹ́ o. Fóònù ni mò ń tún ṣe. Mo mọ bí fóònù tó dára ti ń ṣe, òun ni mo fi ń mọ èyí tó bàjẹ́. Ẹ̀rún tí ojú kò rí, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí yóò gbà, báwo ni sọ́fítíwíà ṣe fẹ́ mọ̀ pé ohun tí ẹ̀rọ sọ nípa rẹ̀ kò dára? — Atúnfóònùṣe kan, Òṣogbo

Ọ̀gá mi, ọ̀nà tí ẹ̀yin ń gbà mọ̀ náà ni òun náà ń gbà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí ẹ̀rún kan ṣoṣo yóò gbà, ṣùgbọ́n bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá ti kọjá, ìrísí àpapọ̀ wọn kì í ṣàdédé yí padà. Ẹni tí ń ta búrẹ́dì ní gáréèjì kò lè sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ra lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, síbẹ̀ ó mọ iye tí ó sábà máa ń tà kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, bí iye náà bá sì já sí ìdajì lójijì, yóò wo ojú títì bóyá wọ́n ti dí ọ̀nà.

Iye ni sọ́fítíwíà náà, tí àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ń pè ní DQM, ń kó. Fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ó ṣe é kà, ó máa ń ya àwòrán ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní histogram: mélòó ni ẹ̀rún tí agbára rẹ̀ kéré, mélòó ni èyí tí agbára rẹ̀ wà láàárín, mélòó ni èyí tí ó pọ̀, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sì ń ga bí iye tirẹ̀ bá ti ń pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn jẹ́ máàpù, tí àwọ̀ ń fi hàn lórí wọn bí apá kọ̀ọ̀kan lára ẹ̀rọ ti ń sọ̀rọ̀ tó. Lára ROOT ni wọ́n ti ń rí àwọn àwòrán wọ̀nyí yà, àkójọ sọ́fítíwíà tí René Brun àti Fons Rademakers dá sílẹ̀ ní CERN ní àárín àwọn ọdún 1990, tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe irú ìwádìí yìí sì ń lò títí di òní. Lẹ́yìn èyí, DQM á gbé àwòrán tuntun sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán àwòkọ́ṣe, ìyẹn èyí tí wọ́n yà ní ọjọ́ kan tí gbogbo ènìyàn ti fẹnu kò pé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ dáadáa, á sì wọn bí àwọn méjèèjì ti jìnnà síra tó. Oríṣiríṣi ìdánwò wà fún wíwọ̀n yìí. Ọ̀kan tí wọ́n máa ń lò ni wọ́n fi orúkọ Kolmogorov àti Smirnov, àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Rọ́ṣíà, pè. Bí ìyàtọ̀ bá ju èyí tí ó lè ṣèèṣì wáyé lọ, àwòrán náà á di pupa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín bí ó ti rí lójú kọ̀ǹpútà. Máàpù àárín ìpele kírísítà ni: àpótí 34 ní òró, 72 ní ìbú, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,448, àpótí kọ̀ọ̀kan sì dúró fún kírísítà 25. Gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀, bí aṣọ àdìrẹ tí aró mú dáadáa, àfi àpótí kan tí ó funfun báláú. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún nǹkan ṣe yóò ti mọ ohun tó kàn. Kírísítà 25 kì í kú ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Bí iná ojú fóònù, ìró rẹ̀ àti kámẹ́rà rẹ̀ bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ti jọ ń mu iná ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó wà lẹ́nu ṣíìfù yóò ṣe pe ẹni tó mọ̀ nípa pátákó ẹ̀lẹ́ktrọ́níìkì tí àwọn 25 náà jọ ń lò, kò ní dárúkọ kírísítà rárá.

Ṣíìfù wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ ni, tọ̀sán-tòru, níwọ̀n ìgbà tí prótọ́ọ̀nù bá ń sáré. Ẹni tó wà ní Cessy ń wo àwòrán tí a fi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú dátà yà, kí ó lè tètè dé ojú rẹ̀. Àwọn mìíràn tún ń wo gbogbo rẹ̀ pátá lẹ́yìn náà, nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ti ṣe ìṣirò rẹ̀ tán. Kò pọn dandan kí àwọn wọ̀nyí wà ní Yúróòpù: wọ́n ní yàrá fún iṣẹ́ náà ní Fermilab, ilé ìwádìí físíìsì kan lẹ́bàá Chicago, tí ó fi jẹ́ pé òru ẹnìkan ní Cessy lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ẹlòmíràn ní Amẹ́ríkà.

Èmi náà ti jókòó sídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ní ibùdó kan tí n kò ní dárúkọ. Nígbà tí mo gba ipò, ẹni tó fẹ́ máa lọ sùn na ìka sí àwòrán pupa kan, ó ní, "Má dá ìyẹn lóhùn, bó ṣe máa ń rí nìyẹn." Mi ò dá a lóhùn. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ohun mìíràn bàjẹ́ nínú àwòrán kan náà, ṣùgbọ́n kò sí àwọ̀ tí ó le ju pupa lọ tí yóò fi pè mí. Ilẹ̀ mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé iṣẹ́ tó le jù fún ẹni tó ń kọ irú sọ́fítíwíà yìí ni kí ó mọ ìgbà tí yóò dákẹ́.

Bí wọ́n bá rí i pé dátà ti bàjẹ́, ṣé ńṣe ni wọ́n ń dà á nù? Ó ń ṣe mí bí ìfiṣòfò. — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìlọrin

Wọn kì í dà á nù. Ńṣe ni wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yẹ fún lílò. CMS ń gé àkókò sí ẹyọ ìṣẹ́jú àáyá 23 lé díẹ̀. Àwọn tí ń bójú tó apá kọ̀ọ̀kan lára ẹ̀rọ á sọ ti apá wọn, ẹyọ tí gbogbo wọn bá sì fọwọ́ sí á wọ inú àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n fún ní orúkọ oyè, JSON oníwúrà (JSON ni irú fáìlì tí ó jẹ́), bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà lásán ló kún inú rẹ̀. Ẹni tí kò nílò ju ẹ̀rún múọ̀nù nìkan, èyí tí ó dà bí ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù ṣùgbọ́n tí ó wúwo jù ú lọ, lè lo àkọsílẹ̀ mìíràn tí kò béèrè bóyá kírísítà dára.

Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí àìdára kì í ṣe ti ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní òpin oṣù kẹfà 2018, iná já lára apá méjì nínú ìpele tí ń wọn agbára àwọn ẹ̀rún wúwo bí prótọ́ọ̀nù, ní ìparí CMS kan. Ẹ fọkàn yàwòrán ọsàn tí a pín sí ẹ̀là 18. Ẹ̀là méjì tó fara kanra ló kú. Wọn kò lè ṣí ẹ̀rọ náà láìdá gbogbo LHC dúró fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà ẹ̀là méjèèjì wà ní òkú títí iṣẹ́ ọdún náà fi parí. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta dátà ọdún 2018 ló bá bẹ́ẹ̀ wọlé. Ta ni yóò da ìyẹn nù?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn láti gbọ́ ni irọ́ tí ẹ̀là méjèèjì ń mú kí ẹ̀rọ pa, nítorí pé irọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èkíní: bí prótọ́ọ̀nù bá forí gbárí, ohun tó lọ sí ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá ohun tó lọ sí òsì dọ́gba, bí ìṣirò kò bá dọ́gba, ó túmọ̀ sí pé ohun kan ti sá lọ láìjẹ́ kí ẹ̀rọ rí i. Irú àìdọ́gba bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tí ń wá ohun àìrí, èyí tí àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run sọ pé ó pọ̀ nínú àgbáyé ju ohun tí à ń fojú rí lọ, ń retí. Bí agbára bá wọ inú ẹ̀là tó ti kú, ìwé kò ní dọ́gba, a ó sì máa pariwo pé àwárí dé nígbà tó jẹ́ pé iná ló já. Èkejì fara sin jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù máa ń tán sínú kírísítà, kì í dé ìpele tó wà lẹ́yìn, nígbà tí àwọn ẹ̀rún wúwo máa ń wọ ibẹ̀ lọ. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi ń dá wọn mọ̀. Bí ìpele ẹ̀yìn bá ti yadi, ẹ̀rún wúwo á kọjá, ohùn kankan kò ní jáde, sọ́fítíwíà á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù ni.

Wọ́n fún gbogbo ẹni tó ń lo dátà ọdún náà ní àdírẹ́sì igun tó kú. Àwọn kan yọ ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀ wọlé kúrò, àwọn mìíràn dín ìwọ̀n tí wọ́n ń fún un kù, ọ̀pọ̀ àbájáde ìwádìí tí ó dára sì ti ara dátà yẹn jáde. Wọ́n mọ ibi tí kóńgò ti wọnú.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ìwé owó ni mò ń ṣe. Ní tiwa, ẹni tó ń gba owó kì í ṣe ẹni tó ń yẹ ìwé wò. Àwọn wọ̀nyí ló ń wá nǹkan tuntun, àwọn náà ló ń sọ dátà tó dára. Kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n yọ èyí tí kò bá wọn lára mu? — Ayẹ̀wéwò kan, Abẹ́òkúta

Nínú gbogbo lẹ́tà tó wọlé, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí.

Ààbò àkọ́kọ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń wò. Ẹni tó ń fọwọ́ sí dátà ń wo ìlera ẹ̀rọ, kì í wo àbájáde: ṣé iná wà, ṣé kírísítà ń sọ̀rọ̀, ṣé iye tó ń wọlé bá ti àná mu. Ohun tí àwọn olùwádìí ń wá sì ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwòrán ìṣẹ́jú àáyá 23 kò lè fi í han ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹni tó fẹ́ ṣojúsàájú gan-an kò mọ ẹyọ tí yóò yọ. Ààbò kejì ni pé wọ́n máa ń di ojú ara wọn. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹ̀rún Higgs, tí ìṣirò ti sọ pé ó wà ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí, ní 2012, àwọn ará CMS bo ibi tí wọ́n fura pé yóò ti yọ mọ́lẹ̀ nínú dátà ọdún náà, wọn kò sì wò ó títí wọ́n fi parí gbogbo òfin tí wọn yóò fi ṣa dátà. Àárín oṣù kẹfà ni wọ́n tó ṣí i, ní ọjọ́ 4 oṣù keje ni CERN sì kéde àwárí náà fún gbogbo ayé.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí ààbò méjèèjì kò dé. DQM ń fi òní wé àná. Bí àná náà bá ti bàjẹ́ ńkọ́?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, kì í ṣe ní CMS. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ OPERA, ní abẹ́ òkè Gran Sasso ní Ítálì, ń gba ẹ̀rún neutrino, tí ó lè la ilẹ̀ kọjá, tí wọ́n ń rán láti CERN gba abẹ́ ilẹ̀ nígbà náà, ìrìn àjò nǹkan bí kìlómítà 730. Ní oṣù kẹsàn-án 2011 wọ́n kéde pé àwọn ẹ̀rún náà ń dé ṣáájú àkókò tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá ìbá fi dé, wọ́n fi nǹkan bí 60 nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan yára jù ú lọ. Wọn kò sáré kéde o. Dátà ọ̀pọ̀ ọdún ni, ó wà déédéé, ti ìkẹyìn jọ ti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejì 2012 ni wọ́n kéde pé àwọn ti rí i pé kébù kan tí ń gbé àkókò wá láti orí ilẹ̀ kò wọ ojúhò rẹ̀ dáadáa. Nítorí pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò sí àwòrán àwòkọ́ṣe kankan tí ìbá tako ó. Àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀ ìbá máa fi hàn.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá òṣùwọ̀n tí kò ti ọwọ́ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ wá. Ẹ̀rún Z, tí ó máa ń fọ́ sí múọ̀nù méjì nígbà mìíràn, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. LEP, ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ nínú ihò LHC yìí kan náà láti 1989 sí 2000, ti wọn ìwúwo rẹ̀ dáadáa: 91.19 ní ìwọ̀n GeV tí wọ́n ń lò. Bí CMS bá kó múọ̀nù méjì méjì tó ti ara Z jáde jọ, orí òkè àwòrán náà gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 91. Bí ó bá wà ní 90, kò sí àwáwí, ẹ̀rọ ń parọ́, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ tó nínú irọ́ náà. Àwọn ará LEP pàápàá kò rí nọ́ńbà yẹn lọ́fẹ̀ẹ́: òṣùpá tí ń fa omi òkun ń fa ilẹ̀ Geneva náà, yíká ihò kìlómítà 27 yẹn ń fi nǹkan bí mìlímítà kan yí padà, agbára ẹ̀rọ sì ń bá a yí. Wọ́n ní láti kọ òṣùpá sínú ìwé ìṣirò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún rí i pé ọkọ̀ ojú irin tí ń kúrò ní Geneva náà ń dá kún un. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ayẹ̀wéwò kò tíì bá òṣùpá pàdé nínú ìwé oníbàárà kankan.

Mo ń gbé ní London, ọmọ mi sì ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó ní AI ni yóò gba irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ènìyàn. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá ọmọ, London

Màmá, ẹ kú àjò o. Ó ti gba díẹ̀ lára rẹ̀. Ní 2022, wọ́n gbé irú rẹ̀ kan wọ inú DQM àwọn kírísítà CMS. Kìkì àwòrán ọjọ́ dídára ni wọ́n fi kọ́ ọ: wọ́n fi máàpù àpótí 2,448 tí mo ṣàpèjúwe lókè hàn án, wọ́n ní kí ó máa tún un yà láti orí. Ohun tí kò rí rí kò lè yà. Nítorí náà, bí àpótí kan bá funfun, á yà á bí ẹni pé àwọ̀ wà nínú rẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín ohun tó yà àti ohun tó wà níwájú rẹ̀ á sì tọ́ka sí ibi tí àrùn wà. Ẹwà rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ní láti ka gbogbo oríṣi àìdára sílẹ̀ fún un ṣáájú.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún ọmọ náà pé ẹnìkan ni ó kọ́kọ́ sọ pé àwọn ọjọ́ yẹn dára. Bí kébù OPERA bá wà nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ yẹn, á kọ́ ọ mọ́ra pẹ̀lú ìtara.

Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé èmi tí mo wà ní Ifẹ̀ lè rí nínú dátà yìí, àbí wọ́n ti tì í mọ́lé? — Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kan, Ilé-Ifẹ̀

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Láti oṣù kọkànlá 2014 ni CERN ti ń gbé dátà àtijọ́ síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni, CMS ló sì kọ́kọ́ fi púpọ̀ sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí ti ọdún 2010. Má wulẹ̀ fi owó dátà rẹ ṣòfò lórí àwọn fáìlì ńláńlá. Wá àwọn fáìlì CSV kéékèèké tí wọ́n ti ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí múọ̀nù méjì méjì wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà tó lè ṣí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ lè ṣí wọn. Ṣe ìṣirò ìwúwo méjì méjì náà, kí o ya histogram rẹ̀. Òkè kan yóò yọ ní nǹkan bí 3, àwọn kéékèèké ní nǹkan bí 9 sí 10, ọ̀kan yóò sì yọ níbi tí o ti mọ̀ báyìí, ní nǹkan bí 91.

Bí o bá ti rí Z tìrẹ tán, wá àkọsílẹ̀ oníwúrà ti ọdún 2012 níbẹ̀, kí o ṣí i bí ọ̀rọ̀ lásán. Ìwọ yóò rí ìlà tó kà báyìí: 190645, lẹ́yìn náà 10 àti 110. Nọ́ńbà iṣẹ́ ọjọ́ náà ni àkọ́kọ́; méjì tó kù sọ pé láti ẹyọ 10 dé ẹyọ 110 ni wọ́n fọwọ́ sí, nǹkan bí ìṣẹ́jú 39. Ẹyọ 1 sí 9 kò sí níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ ni wọ́n. Ohun tó wọ́pọ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni pé iná àwọn aṣàwárí inú lọ́hùn-ún kò tíì gòkè tán, nítorí wọn kì í tàn án ní kíkún títí wọn yóò fi rí i pé prótọ́ọ̀nù ti rọlẹ̀ sójú ọ̀nà. Fi dátà tí ó bá wà níta gbìyànjú rẹ̀ fúnra rẹ: ya histogram kan náà pẹ̀lú ẹyọ tí wọ́n fọwọ́ sí, tún yà á pẹ̀lú èyí tí wọn kò fọwọ́ sí, kí o sì kọ̀wé sí wa nípa ohun tí o bá rí.